Ọmọ Tí Kì Í Sọ Pé Ó Ń Dun Òun

Ní ilé Mìsì Ozella Suggs, wọn kì í bá àlejò sọ ọ̀rọ̀ pàtàkì nígbà tí ikùn rẹ̀ bá ṣófo. Kí Verdell Hatcher tó ráyè la ẹnu sọ ohun tó gbé e wá, ó ti jẹ adìyẹ díndín, ó ti jẹ ẹ̀fọ́ tí wọ́n fi eegun ẹlẹ́dẹ̀ sè, ó ti jẹ búrẹ́dì àgbàdo tó ń jó o lọ́wọ́, wọ́n sì tún gbé páì ànàmọ́ síwájú rẹ̀. Ó ní òun ti yó. Mìsì Ozella wò ó bí ẹni ń wo ajá tó ní òun kì í jẹ eegun mọ́. Verdell yára fa àwo náà mọ́ra.

Kò sẹ́ni tí kò mọ Verdell ní agbègbè àwọn oko òwú Alabama nígbà náà. Obìnrin gíga, dúdú, tó ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún, tó máa ń wọ ṣòkòtò eré ìdárayá lọ síbi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wọ gàwúnù lọ, tó sì ń fi fèrè kọ́rùn bí ẹni fi ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn. Òun ni kóòṣì eré sísá àwọn obìnrin ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Gilboa, ilé-ìwé àwọn aláwọ̀ dúdú tó wà lórí òkè lẹ́yìn ìlú. Kóòṣì ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Bí ẹnì kan bá pè é ní Verdell, a jẹ́ pé ẹni náà ti bá a sáré nígbà èwe ni, tàbí kó jẹ́ ọ̀gá àgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì, tó fẹ́ sọ ohun tí kò dáa.

Ọmọ tí ó torí rẹ̀ wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, ó ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan. Arletha lorúkọ rẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ilé-ìwé girama ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gùn ju àga tó jókòó lé lọ. Níbi ìdíje àwọn ọmọ girama ni Verdell ti kọ́kọ́ rí i, níbi tó ti fi bàtà ṣọ́ọ̀ṣì sáré já àwọn tó wọ bàtà eré sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni oorun ti dá lójú Verdell.

"Wọ́n ní ẹ fẹ́ gba ọmọ mi, Kóòṣì," ni Mìsì Ozella wí nígbà tí àwo mọ́ tán.

"Mi ò fẹ́ gbà á lọ́wọ́ yín, mà. Mo wá yá a ni."

"Ohun téèyàn bá yá, ó gbọ́dọ̀ dá a padà."

"Ọwọ́ mi yìí ni màá fi mú un padà wá bá yín, tòun tìwé ẹ̀rí ẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un wí, kí ọkọ mi náà lè gbọ́."

Àwòrán ọkọ rẹ̀ wà lára ògiri lókè sítóòfù. Ibi tí wọ́n ti ń la pákó ló kú sí, igi ló já lù ú. Verdell gbójú sókè sí àwòrán náà, ó sì tún un wí. Ẹyin lohùn, àwọn àgbà ti sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ní ọ̀sán ọjọ́ náà kò sí ohun tó jọ pé ó lè fọ́.

Mìsì Ozella rán ọmọ náà pé kó lọ ká aṣọ tó wà lórí okùn. Nígbà tí ilẹ̀kùn onínẹ́ẹ̀tì ti padé lẹ́yìn rẹ̀, obìnrin náà fa àga rẹ̀ sún mọ́ tábìlì.

"Ẹ jẹ́ n sọ èyí tẹ́nì kankan ò ní sọ fún yín. Ọmọ yẹn kì í sọ pé ó ń dun òun. Lọ́dún tí bàbá ẹ̀ kú, ó fẹsẹ̀ gún ìṣó nínú oko òwú, ó sì ṣa òwú títí dìrọ̀lẹ́. Ẹ̀jẹ̀ tó kún inú bàtà ló jẹ́ ká mọ̀. Torí náà, ẹ má wulẹ̀ bi í. Bẹ́ ẹ bá bi í, irọ́ ló máa pa fún yín, á tún rẹ́rìn-ín sí i."

"Báwo wá ni màá ṣe mọ̀?"

"Etí ni kẹ́ ẹ fi mọ̀. Bára ẹ̀ bá yá, á máa fimú kọrin. Bó ń fọ abọ́, bó ń lọ aṣọ, bó ń so okùn bàtà. Òun gan-an ò mọ̀ pé òun ń ṣe é. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá wò ó tẹ́ ẹ ò gbọ́rin, ẹ dá a dúró. Ohunkóhun tó bá fẹ́ ṣe, ẹ dá a dúró."

"Mo ti gbọ́, mà."

"Gbígbọ́ kọ́ o, Kóòṣì. Ẹ máa tẹ́tí sí i."

Kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀, Mìsì Ozella gbé aṣọ ìbora alábùlẹ̀ kan sẹ́yìn ọkọ̀. Ṣòkòtò iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ ló gé sí wẹ́wẹ́ tó sì rán pọ̀, búlúù àti eérú, pẹ̀lú ojú ibi tí orúnkún rẹ̀ ti mú gbó. Ó ní òórùn ọkùnrin náà ṣì wà lára rẹ̀ díẹ̀, kí wọ́n má fọ̀ ọ́ jù.

Bí ẹ bá rí Gilboa nígbà tí Verdell bẹ̀rẹ̀, ẹ ó rẹ́rìn-ín. Pápá tí wọ́n fún un, màlúù àgbẹ̀ kan ló ń jẹ̀ níbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ẹfun fa ìlà sójú koríko. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ káfíńtà ló kan pákó tí wọ́n fi ń ti ẹsẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀, àwọn ẹ̀wù tí àwọn ọmọkùnrin ti wọ̀ gbó ni ó sì pa láró kó lè jọ tuntun. Ìjọba Washington ti pàṣẹ pé ilé-ìwé tó bá ń náwó sórí eré ọkùnrin gbọ́dọ̀ máa náwó sórí ti obìnrin náà, ṣùgbọ́n Washington jìnnà sí Gilboa.

Kóòṣì àwọn ọkùnrin ń jẹ́ Prentiss Lyle. Kì í ṣe ìkà èèyàn, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Kò kàn tíì rí obìnrin tó ń sáré rí kó má wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹnì kan ń lé e. "Ilé ta ló ń jó, ẹ̀yin ọmọ?" ni yóò máa kígbe láti ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀, àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ yóò sì bú sẹ́rìn-ín. Àárọ̀ kùtù, nígbà tí àwọn yẹn ṣì ń sùn, ni àwọn obìnrin ń rí ojú ọ̀nà eré gidi lò.

Ibi tí Verdell ti mọṣẹ́ jù ni eré ọ̀pá, èyí tí àwọn mẹ́rin máa ń sá, tí wọ́n ń gba ọ̀pá lọ́wọ́ ara wọn. Òfin rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ẹni tó fẹ́ gbà á kò gbọdọ̀ wẹ̀yìn. Ẹni tó ń bọ̀ yóò ké "Ọwọ́!", ẹni tó wà níwájú yóò na ọwọ́ sẹ́yìn lórí eré, ọ̀pá yóò sì dé e lọ́wọ́. Ó ní kí wọ́n máa ṣe é níbi gbogbo. Nínú yàrá ìjẹun, wọ́n ń ké "Ọwọ́!" fún ara wọn nítorí ṣíbí, títí àwọn alásè fi fi ẹjọ́ wọn sun.

Twyla Beasley ló ń sá ipò kẹta, Arletha sì ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ parí. Ọmọ Birmingham ni Twyla, kò sí ohun tí ẹnu rẹ̀ kò lè sọ. Nínú ọkọ̀ gígùn tí Verdell fi ń gbé wọn kiri, níbi tí wọ́n ti ń jẹ adìyẹ tútù nínú páálí bàtà kí wọ́n má bàa náwó nílé oúnjẹ, àwọn méjèèjì ni wọ́n máa ń jà sí aṣọ ìbora náà.

"Arletha, bó o bá tún fà á, màá fẹjọ́ ẹ sun bàbá ẹ."

"Bàbá mi ti kú."

"Mo mọ̀. Òun náà ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Orí itan ẹ̀ ni mo sùn lé báyìí."

Arletha á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Tí ọkọ̀ bá sì dákẹ́, tí àwọn yòókù sùn lọ, Verdell á gbọ́ ohùn tó ń ti imú jáde lẹ́yìn, orin ìsìn àwọn ará abúlé wọn, tó ń lọ sókè sódò, tí kò ní ọ̀rọ̀. Ó ti mọ̀ ọ́n dé ibi pé bí orin náà bá yí, òun náà á yí bí ó ṣe di ìtọ́kọ̀ mú. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn, kò sí ìdárayá kan tí ó bẹ̀rẹ̀ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ tẹ́tí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni kò gbọ́ orin, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló ní kí ọmọ náà lọ jókòó. Lẹ́ẹ̀kan, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú. Lẹ́ẹ̀kejì, ibà ló ń ṣe é. Arletha kò mọ bí Kóòṣì ṣe ń mọ̀, ó rò pé àjẹ́ ni.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í borí. Wọ́n kọ́kọ́ borí àwọn ilé-ìwé kéékèèké bíi tiwọn, lẹ́yìn náà wọ́n borí àwọn ńlá tó ní pápá rọ́bà àti dókítà tiwọn. Ọ̀gá àgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì, Dókítà Whitlow, tí kò tíì mọ ibi tí pápá wọn wà tẹ́lẹ̀, wá bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn ya fọ́tò, ó máa ń dúró sí àárín.

Nígbà òtútù ọdún tí Arletha wọ ọdún kẹta ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, Whitlow ránṣẹ́ pe Verdell.

"Jókòó, Verdell," ó wí.

Orúkọ tó pè é ti jẹ́ kó mọ̀. Kò jókòó.

Whitlow ní àwọn ìgbìmọ̀ ń sọ pé kí wọ́n fòpin sí eré àwọn obìnrin. Ó ní òun ti bá wọn jà títí. "Ọmọ mẹ́wàá ló ń jẹ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lábẹ́ ẹ, Verdell. Bí wọ́n bá ti fòpin sí i, kálukú á lọ sílé ni. Ṣùgbọ́n bí o bá gba ife ẹ̀yẹ gbogbo orílẹ̀-èdè wálé nígbà ìrúwé yìí, ta ló máa lè fọwọ́ kàn yín?"

"Ṣé ẹ̀yin náà gba èyí tí ẹ sọ gbọ́?"

"Àwọn èèyàn kì í pa ohun tó ń borí."

Verdell gbà á gbọ́. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé kì í ṣe òmùgọ̀. Gbogbo ayé rẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ fún un pé ẹni tó bá ṣe dáadáa ní ìlọ́po méjì á rí ìdajì gbà, ó sì ti fi ara rẹ̀ ṣe ẹ̀rí. Nígbà tó jáde sínú òtútù, ilé ìdáná ni ó ń rí lójú ara rẹ̀, ilé ìdáná oríṣiríṣi, pẹ̀lú àwọn ìyá tó fi oúnjẹ síwájú rẹ̀. Kò sọ fún àwọn ọmọ náà. Ó ní òun kò fẹ́ kí ẹrù wúwo lórí wọn.

Ìpínlẹ̀ kan lókè àríwá ni wọ́n ti ṣe ìdíje náà, níbi tí òtútù kò tíì kúrò nínú afẹ́fẹ́. Lọ́jọ́ tó ṣáájú àṣekágbá, Arletha parí eré rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ kan ẹ̀yìn itan rẹ̀ bí ẹni pa ẹ̀fọn. Ó yára mú ọwọ́ kúrò. Verdell rí i. Twyla náà rí i, ṣùgbọ́n fún ìgbà àkọ́kọ́, Twyla kò rí nǹkan sọ.

Ní àárọ̀ àṣekágbá, gbogbo rẹ̀ wá dúró lórí eré ọ̀pá. Bí wọ́n bá gbégbá orókè níbẹ̀, Gilboa ló ni ife. Bí wọ́n bá ṣe ìkejì, ilé-ìwé ńlá kan láti ìwọ̀ oòrùn ló ń gbé e lọ. Àwọn ọmọ náà tẹ́ aṣọ ìbora alábùlẹ̀ sórí koríko, wọ́n jókòó lé e, wọ́n ń wọ bàtà. Verdell dúró lẹ́yìn wọn, ó tẹ́tí.

Arletha ń so okùn bàtà rẹ̀. Ó so ti ọ̀tún, ó so ti òsì. Ó tú ti òsì, ó tún un so. Fèrè ń dún lápá kan, àwọn èrò ń pariwo, Verdell sì sún mọ́ ọn, ó bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó ń wá nǹkan nínú koríko, nítorí ó fẹ́ kí ó jẹ́ ariwo ni kò jẹ́ kí òun gbọ́. Ó sún mọ́ ọn débi pé ó ń gbọ́ èémí rẹ̀. Kò sí orin.

Ọmọ tuntun kan wà níbẹ̀, Corliss, tó mọ ọ̀pá gbà dáadáa, tó ti wọ ẹ̀wù rẹ̀ tán, tó ń wo Kóòṣì lójú. Bí Corliss bá sá a, wọ́n lè ṣe ìkejì. Wọ́n lè ṣe ìkẹta. Verdell mọ̀ bẹ́ẹ̀ bí ó ṣe mọ orúkọ ara rẹ̀.

Ó wá ṣe ohun tí wọ́n ní kó má ṣe.

"Arletha, ara ẹ ńkọ́?"

Ọmọ náà gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín. "Dáadáa ni mo wà, Kóòṣì."

"Ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú, mà. Ẹ lọ jókòó, ẹ ń dẹ́rù bà mí."

Verdell sì lọ jókòó. Ó gba irọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni gba omi nígbà òùngbẹ.

N kò ní pẹ́ lórí eré náà, nítorí òun náà kò pẹ́. Ẹni àkọ́kọ́ fà sẹ́yìn díẹ̀, ẹnì kejì mú wọn dọ́gba, Twyla sì sá ipò kẹta bí ẹni tí wọ́n dẹ ajá sí. "Ọwọ́!" Arletha na ọwọ́ sẹ́yìn, kò wẹ̀yìn, ọ̀pá dé. Ó sá eré tí àwọn tó wà níbẹ̀ ṣì ń sọ di òní. Ó kù díẹ̀ kó dé òpin ni ẹsẹ̀ rẹ̀ fò sókè lódì, bí ìgbà tí okùn bá já lára ewúrẹ́. Kò dúró. Ó fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo fò kọjá ìlà, òun ló ṣáájú, ó sì ṣubú lulẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́. Nígbà tí Verdell fi máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti di ọ̀pá náà mú débi pé Verdell ní láti tú ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sunkún. Ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má bínú, ó sì ń bèèrè bóyá àwọn ló borí.

"Ẹ̀yin ni, ọmọ mi," ni Verdell wí. "Ẹ̀yin lẹ borí."

Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò ní iṣan ẹ̀yìn itan ti já kúrò lára eegun. Ó ní á rìn. Nípa eré sísá, ó kàn mi orí.

Gilboa gbé wọn káàkiri ìlú nínú ọkọ̀ tí wọ́n fi bébà aláràbarà ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Ife náà ga tó ọmọ ọdún mẹ́ta. Arletha jókòó níwájú pẹ̀lú igi méjì lábẹ́ abíyá, ó ń juwọ́. Dókítà Whitlow dúró sí àárín. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó ránṣẹ́ pe Verdell.

Kóòṣì Lyle ti wà níbẹ̀, kò jẹ́ kí ojú àwọn méjèèjì ṣe mẹ́rin.

"Verdell," ni Whitlow wí, "o ti ṣe iṣẹ́ ńlá. Iṣẹ́ náà ti wá tóbi. Àwọn ẹgbẹ́ ńlá ti ń pè wá, àwọn tó ń ṣe bàtà ń pè wá, tẹlifíṣọ̀n gan-an pè. Ìgbìmọ̀ rò pé kí gbogbo eré sísá, tọkùnrin tobìnrin, wà lábẹ́ olórí kan ṣoṣo, kí Prentiss máa darí ẹ̀. Ìwọ á máa ràn án lọ́wọ́."

Nígbà tí àwọn màlúù ń jẹ̀ lórí pápá, kò sí ìgbìmọ̀ tó ní i lọ́kàn. Ìgbà tí àsè jinná ni wọ́n rántí pé ó yẹ kí ọkùnrin máa bù ú. Verdell ti ní ìbínú tó pọ̀ tó láti sọ èyí, ṣùgbọ́n ohun mìíràn ló bi wọ́n.

"Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ àwọn ọmọ mi ńkọ́?"

"Àwọn tó lè sáré nígbà ìkórè á máa gba tiwọn," ni Lyle wí, ó ń wo ilẹ̀. "Mi ò ní yí ìyẹn padà."

"Arletha ò lè sáré."

"Mo mọ̀, Kóòṣì."

"Arletha ló gba ife yìí."

"Mo mọ̀."

"Ọdún kan ló kù fún un kó gbàwé ẹ̀rí. Ẹ yọ ọ́ nínú owó oṣù mi."

Whitlow ní òfin ẹgbẹ́ tó ń darí eré kọ́lẹ́ẹ̀jì kò gbà á kí kóòṣì máa sanwó ilé-ìwé eléré. Ó ní òun kẹ́dùn. Verdell bẹ̀bẹ̀. Obìnrin tí kò bẹ ẹnikẹ́ni rí, ó kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì Whitlow pẹ̀lú fèrè lọ́rùn, Lyle sì dìde, ó jáde nítorí kò lè wò ó. Whitlow ní kó dìde, pé ohun tó ń ṣe kò bójú mu. Bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Gbogbo òkò tí Verdell ti sọ láti dáàbò bo ọmọ yẹn, ọmọ yẹn náà ló lọ bà.

Verdell fúnra rẹ̀ ló fi ọkọ̀ gbé Arletha lọ sílé. Ó ti ṣèlérí ọwọ́ ara rẹ̀. Arletha na ẹsẹ̀ sórí àga ẹ̀yìn, aṣọ ìbora wà lórí itan rẹ̀, òwú ti ń hù lápá méjèèjì títì. Twyla ti ké títí níwájú ilé tí wọ́n ń gbé, ó ní òun náà kò sáré mọ́, Arletha sì bá a wí pé kó má ya wèrè.

"Kóòṣì," ni Arletha pè nígbà tí wọ́n kọjá afárá.

"Ọmọ mi."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Màmá pé ẹsẹ̀ ti ń dùn mí látàná ọjọ́ yẹn. Ẹ sọ pé ó kàn já ni. Bí wọ́n bá gbọ́, wọ́n á ní mo purọ́ fún yín."

Nínú dígí, Verdell ń wo ojú ọmọ náà tó ń wo ìta, ó sì ń tẹ́tí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó mọ̀ pé kò ní gbọ́.

Mìsì Ozella wà lọ́dẹ̀dẹ̀, ó ti wọ aṣọ tó dáa. Kò sáré. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó gba ọmọ rẹ̀ lábẹ́ apá, ó ràn án gun àtẹ̀gùn, ó mú un wọlé, ó fi ìrọ̀rí sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá padà síta, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì dúró níwájú Verdell, tó gbé aṣọ ìbora náà lápá bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

"Ẹ kú ewu ọ̀nà, Kóòṣì."

"Mìsì Ozella, mi ò mọ bí mo ṣe máa..."

"Ohun kan ni mo fẹ́ mọ̀," ni obìnrin náà wí. Ohùn rẹ̀ kò ga. "Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ṣé ó fimú kọrin?"

Irọ́ náà ti wà nílẹ̀, ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló sè é sílẹ̀ fún un. Ó kàn máa gbé e ni. Ó lè sọ pé ariwo pọ̀. Ó lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Verdell wo inú ilé láàárín nẹ́ẹ̀tì, ó rí àwòrán ọkùnrin tó wà lókè sítóòfù.

"Rárá, mà," ó wí. "Kò kọrin."

"Ẹ sì tẹ́tí."

"Mo tẹ́tí. Mo bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Mo gbọ́ pé kò kọrin, mo sì bi í."

Mìsì Ozella mi orí, díẹ̀díẹ̀. Ó gba aṣọ ìbora náà lápá rẹ̀, ó gbé e sí imú. Oògùn ìpara ni ó ń rùn, oògùn tí wọ́n fi ń pa itan, àti òógùn àwọn ọmọbìnrin. Ó ká a sí méjì, ó wọlé, ilẹ̀kùn sì padé.

Verdell dúró lójú ibẹ̀. Ó rò pé ó ti tán nìyẹn, pé ó yẹ kó máa lọ. Nígbà tí ilẹ̀kùn tún ṣí, Mìsì Ozella mú àwo kan dání tó fi bébà fóìlì dé. Ó gbé e lé e lọ́wọ́.

"Ọ̀nà jìn," ó wí. "Ẹ ní ẹ máa mú un padà wá. Ẹ ti mú un padà."

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ì bá dára ká ní ó fi ìbínú sọ ọ́.

Verdell wa ọkọ̀ títí ó fi dé abẹ́ igi píkánì kan tó wà lẹ́bàá títì, ó paná ọkọ̀. Ó ṣí àwo náà. Adìyẹ ni, pẹ̀lú ẹ̀fọ́, búrẹ́dì àgbàdo, àti páì ànàmọ́ tí wọ́n gé ńlá. Ó ti ń retí pé kó ti tutù, tàbí kí obìnrin náà ti gbàgbé iyọ̀ nínú rẹ̀. Ó ṣì gbóná, ó sì dùn bíi ti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ibẹ̀ ni ẹkún ti gbọ̀n ọ́n, ẹkún tí kò sun lórí pápá, tí kò sun lórí kápẹ́ẹ̀tì Whitlow. Ó ń sun ún, ó sì ń jẹun, ó jẹ gbogbo rẹ̀ tán, nítorí wọn kì í dá oúnjẹ Mìsì Ozella padà.